Owó Gọ́tà, Inú Ẹ̀ẹ̀rùn La Ti Ń Tù Ú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ gọ́tà ló sì gba iwájú nínú wọn, bóyá torí pé àkọ́rọ̀ òjò ti fẹ́ dé ni àbí torí pé ohun tójú àwọn kan rí nínú òjò tó kọjá ò tíì kúrò lọ́kàn wọn. Mo kó àwọn tó bára mu jọ, mo gé àwọn tó gùn kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ yín kúrò bẹ́ ẹ ṣe ní kí n ṣe é. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Gáà-Àkànbí.

Alhaja, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀, mo ti rìtáyà, owó pẹ́ńṣàn ni mo fi ń gbọ́ bùkátà. Búńgálò ni ilé mi, tẹ́náńtì méjì ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi. Lọ́dọọdún tí òjò bá ti le, gọ́tà orí òrùlé á dí, tilẹ̀ náà á kún, omi á máa gba inú sílìn wọlé, màá wá máa sáré wá owó kiri. Lọ́dún tó kọjá sílìn yàrá kan já lulẹ̀ lóru, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run pé ọmọ tó ń sùn níbẹ̀ ti lọ kí ìyá bàbá ẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè máa ya owó yìí sọ́tọ̀ kó má máa bá mi lójijì?
Ìyá onílé, Gáà-Àkànbí, Ìlọrin

Ìyá wa, ẹ kú orí ire ti ọmọ yẹn, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Mo ka lẹ́tà yín dáadáa, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé kì í ṣe pé owó yín kéré jù, ìgbà tí owó yẹn ń jáde ni ò da. Inú oṣù kẹfà lẹ ti ń wá ẹni tó máa kó gọ́tà, ìgbà tí gbogbo ìlú ń wá kápẹ́ńtà nìyẹn, iye tí wọ́n ń gbà ti gbéra, pánù tutù kò ṣeé gùn, ẹrẹ̀ inú gọ́tà ti mu omi ó ti wúwo. Iṣẹ́ kan náà yẹn, tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n ṣe é ní oṣù kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, ewé gbígbẹ àti eruku ọyẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, kò ní pẹ́ wọn, ẹ sì máa lè dúnàá-dúrà torí pé iṣẹ́ ò tíì pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Inú ẹ̀ẹ̀rùn la ti ń tu owó gọ́tà, mi ò mọ ọ̀nà míì tí kì í fi í dunni.

Ẹ wo bí òjò wa ṣe ń rọ̀. Ní Ìlọrin níbí, àkọ́rọ̀ máa ń dé ní nǹkan bí ìparí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ìjì ló sì sábà máa ń gbé e wá, ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn lè tú gbogbo ìdọ̀tí tó ti wà lórí pánù látìgbà ọyẹ́ sínú gọ́tà. Òjò á le wọ oṣù kẹfà, á fà sẹ́yìn díẹ̀ láàárín oṣù keje sí oṣù kẹjọ, á tún padà dé tagbáratagbára ní oṣù kẹsàn-án kí àrọ̀kúrò tó parí ẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ló yẹ kẹ́ ẹ pe àwọn tó ń kó gọ́tà: kí àkọ́rọ̀ tó dé, nígbà tí òjò bá fà sẹ́yìn ní oṣù kẹjọ, àti oṣù kọkànlá tí òjò ti lọ. Ti oṣù kọkànlá yẹn, àwọn èèyàn máa ń fojú kéré ẹ̀, wọ́n á ní òjò ti lọ kí la tún fẹ́ fi gọ́tà ṣe, wọ́n gbàgbé pé ẹrẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ síbẹ̀, oòrùn á sá a, á gan bíi bíríkì, tó bá di oṣù kejì díígà ni wọ́n máa fi wà á, díígà yẹn ló sì máa ń fọ́ sìmẹ́ńtì ìdí gọ́tà. Tí ò bá sí igi kankan tó na ẹ̀ka sórí òrùlé yín, ẹ lè fo ti òkè lóṣù kọkànlá kẹ́ ẹ sì ṣe tilẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n tí máńgòrò tàbí dóńgóyárò tàbí fúrúùtù bá wà nítòsí, ẹ má fo ó o, àgàgà fúrúùtù, ewé ẹ̀ fẹ̀, méjì mẹ́ta péré ti tó láti di ẹnu páìpù pa.

Ó ku owó. Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: owó kíkó tòkè, owó kíkó tilẹ̀, owó kíkó ẹrẹ̀ dà nù, àti owó àtúnṣe. Iye tí mo fẹ́ lò yìí àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe iye ọjà, ẹ bi ẹni méjì mẹ́ta léèrè ní àdúgbò yín kẹ́ ẹ fi tiyín rọ́pò. Ká ní tòkè jẹ́ 8,000 náírà lẹ́ẹ̀kan, tilẹ̀ jẹ́ 10,000, kíkó ẹrẹ̀ dà nù jẹ́ 4,000. Ìyẹn 22,000 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún 66,000. Ẹ wá fi 18,000 sí i fún àtúnṣe, torí kò sí ọdún tí páìpù kan ò ní yọ tàbí tí ojú ìsopọ̀ kan ò ní máa jò, gbogbo ẹ̀ wá di 84,000. Tẹ́ ẹ bá pín in sí oṣù méjìlá, 7,000 lóṣù ni.

Oṣù kọkànlá ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá a, kì í ṣe oṣù kìíní. Tó bá fi máa di ìparí oṣù kejì, 28,000 ti wà nílẹ̀, ẹ máa fi 22,000 kó gọ́tà kí òjò tó dé, 6,000 á ṣẹ́kù. Láti oṣù kẹta títí dé oṣù keje, 35,000 tún wọlé, ó di 41,000, ẹ yọ 22,000 ti oṣù kẹjọ, 19,000 ló kù. Oṣù kẹjọ, ìkẹsàn-án, ìkẹwàá, 21,000 wọlé, ó di 40,000, ẹ san ti oṣù kọkànlá, 18,000 ló kù yẹn, òun gan-an ni owó àtúnṣe tá a sọ. Tẹ́ ẹ ò bá ná an, ẹ má fi ra nǹkan míì, ẹ gbé e wọ ọdún tó ń bọ̀, torí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo fásíà bọ́ọ̀dù, pákó etí òrùlé tí wọ́n kan gọ́tà mọ́, máa jẹrà tí ẹ máa nílò owó ńlá.

Nínú 7,000 yẹn, àwọn tẹ́náńtì méjèèjì náà ní tiwọn láti mú wá nínú kíkó tilẹ̀, màá sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn nínú lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Bí pẹ́ńṣàn bá ti wọlé, kó tó pé wákàtí 24, ẹ ti fún alájọ tàbí kẹ́ ẹ fi sínú àkáǹtì tí kò ní káàdì. Tẹ́ ẹ bá wà nínú àdáṣe àwọn ìyá, ẹ bẹ̀ wọ́n kí oṣù tiyín bọ́ sí oṣù kejì.

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá dúró díẹ̀ síbi owó kíkó ẹrẹ̀ dà nù yẹn, torí ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá gọ́tà lọ. Ẹ máa rí i ní gbogbo ìlú, láti Táíwò dé Sángo, wọ́n á gbọ́n ẹrẹ̀ jáde, wọ́n á kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, oníṣẹ́ á gba owó ẹ̀ á lọ, gbogbo wa á ní àdúgbò ti mọ́. Òjò kan ṣoṣo á wá kó gbogbo ẹ̀ padà sínú gọ́tà. Owó tẹ́ ẹ san yẹn ti lọ nìyẹn, ẹ máa tún un san. Gọ́tà tí ẹrẹ̀ ẹ̀ ò tíì kúrò ládùúgbò, wọn ò tíì kó o. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ kan tàbí méjì tí òjò ò bá ṣú, kó fúyẹ́, kẹ́ ẹ wá pe oní-bárò tàbí àwọn tó ń kó ìdọ̀tí kí wọ́n gbé e lọ síbi tí ìjọba ní kí wọ́n dà á sí. Tẹ́ ẹ bá máa dín owó kù níbì kankan, ẹ dín in kù níbòmíì, ẹ má dín in kù níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó san owó ìkẹyìn, ẹ ní kí ẹnì kan da garawa omi méjì sí orí gọ́tà òkè lápá ibi tó jìnnà sí páìpù, kẹ́ ẹ wá dúró sísàlẹ̀. Bí omi ò bá jáde lẹ́nu páìpù kíákíá, iṣẹ́ ò tíì parí.

Ẹ káàsán mà. Ilé tá à ń gbé ní Tánkè, yàrá mẹ́wàá ni, láńlọ́ọ̀dù ò gbé ibẹ̀. Àwọn kan nínú wa jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ UNILORIN tí wọ́n máa ń lọ sílé tí wọ́n bá ti gba họ́lídè, àwọn kan ní ìyàwó àti ọmọ. Gbogbo ìgbà tá a bá fẹ́ dá owó gọ́tà ni ìjà ń ṣẹlẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ò sí nílé, àwọn onídìílé ní ẹni tó bá dá wà náà ń wẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù tún ní àwa la máa tún gọ́tà orí òrùlé tó ń jò ṣe. Kí ló tọ́?
Ọmọ yín ní Tánkè

Ọmọ mi, o ṣeun tó o kọ̀wé, ìjà owó gọ́tà ti tú ilé tó dáa ká. Èrò tèmi ni pé yàrá ni kẹ́ ẹ fi pín in, ẹ má ka orí. Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí, ẹ máa ka ọmọ ọwọ́, ẹ máa ka àlejò tó wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní tán láéláé. Òjò tó ń rọ̀ sórí òrùlé yín kò bìkítà iye èèyàn tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹni tó lọ sílé fún họ́lídè, ẹrù ẹ̀ ṣì wà nínú yàrá, omi tó bá wọlé á ba mátíráàsì ẹ̀ náà jẹ́, nítorí náà kó fi owó ẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọkọ̀. Ká ní ẹ dá 600 náírà lóṣù lórí yàrá kọ̀ọ̀kan, 6,000 lóṣù, 72,000 lọ́dún, ẹ̀yin fúnra yín ẹ wò ó bóyá ìyẹn á tó fún gọ́tà kọ́ḿpáùn yín tàbí ẹ máa fi kún un. Mo mọ̀ pé ó kéré lójú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, ṣùgbọ́n iye tí akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ẹ̀ ò pọ̀ lè san láì sá ni ká máa wò.

Ti láńlọ́ọ̀dù, ohun tí mo rí tí àwọn onílé tó mọ ẹ̀tọ́ ń ṣe ni pé ohun tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ ilé tàbí tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ, tiwọn ni. Gọ́tà òrùlé tó jò, páìpù tó já, fásíà tó jẹrà, owó onílé ló ń ṣe é. Ohun tí ẹnu ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì bá ká, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbébẹ̀ lẹ ni ín. Ẹ kọ́kọ́ ka àgírímẹ́ǹtì yín ná o, torí tí nǹkan míì bá wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ sì ti sáìn, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Tí àtúnṣe òkè bá di kánjúkánjú tó sì ní kẹ́ ẹ fi owó yín ṣe é, ẹ rí i pé ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù pé òun á yọ ọ́ nínú rẹ́ǹtì kẹ́ ẹ tó pe kápẹ́ńtà. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ pè é ní bàbá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀.

Ẹnì kan ni kó máa gba owó, ẹlòmíì ni kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má san ju ìdajì lọ kí iṣẹ́ tó parí. Nǹkan míì tún wà tí ò ná yín ní kọ́bọ̀: ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ìrẹsì àti òróró tí àwọn èèyàn ń dà pẹ̀lú omi abọ́. Òróró yẹn máa ń dì mọ́ ara gọ́tà, iyanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn ló ń jẹ́ kí gọ́tà ilé tí èrò pọ̀ tètè dí ju ti ilé tí èrò ò pọ̀ lọ. Ẹ ra asẹ́ kan sẹ́nu ibi tí omi kíṣìnì ti ń jáde, kí oníkálùkù máa gbọ́n tiẹ̀ sínú ike ìdọ̀tí.

Alhaja, àsàlámù alékùm. Ìsàlẹ̀ la wà, lápá Àmílẹ́gbẹ́, a ò jìnnà sí odò Asà. Àwa ń kó gọ́tà tiwa, owó wa ń lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè wa ń da ìdọ̀tí sínú tiwọn tí òjò bá ti ń rọ̀, gbogbo ẹ̀ á sì wá bá wa. Àwọn kan nínú wa ti ní àwọn ò ní dá owó mọ́. Kí la máa ṣe?
Bàbá kan ní Àmílẹ́gbẹ́

Wàálékùm sàlámù, bàbá wa. Inú mi bà jẹ́ nígbà tí mo ka ibi tẹ́ ẹ ti ní àwọn kan ò ní dá owó mọ́, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀ lẹ sì ń bá a jà fún gbogbo ìlú. Omi tó ń ti òkè wá láti oríṣiríṣi àdúgbò, odò Asà ló ń wá, ọ̀dọ̀ yín ló sì gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ẹni tó da ọ̀rá ìdọ̀tí sínú gọ́tà lókè lọ́hùn-ún, ó rò pé òjò bá òun gbé e lọ ni, kò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ilé yín ló gbé e dé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣètò owó yìí, ẹ má ṣètò ẹ̀ ní ilé kọ̀ọ̀kan mọ́. Ẹ rìn tẹ̀lé gọ́tà yẹn lọ sókè, ẹ ka iye ilé tí omi wọn ń wọ inú ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Àwọn yẹn gan-an ni ẹ jọ ni gọ́tà náà, àwọn lẹ sì máa bá dá owó, bí wọn ò tilẹ̀ sí ní òpópónà yín. Ẹ gbà á gba ọ̀dọ̀ Mọ́gàjí tàbí Alángùá tó jẹ́ olórí àdúgbò, ẹ bẹ ìmáàmù ràtíbì àti pásítọ̀ tó wà ládùúgbò kí wọ́n bá yín sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun àti lẹ́yìn ìsìn, torí ọ̀rọ̀ tí aládùúgbò bá sọ lè di ìjà ṣùgbọ́n tàwọn yẹn á wọlé. Nígbà ayé àwọn wòléwòlé, ìbẹ̀rù ló ń mú wa gbálẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ dé àyè kan. Nísinsìnyí, àjọṣe ló máa ṣe é, kẹ́ ẹ sì fi ẹjọ́ ẹni tó bá ń da ìdọ̀tí tí ò gbọ́ ìkìlọ̀ sùn ní ọ́fíìsì ìmọ́tótó àyíká ní lókà gọ́fúmẹ́ńtì yín.

Ilé tó wà lókè á ní omi ò wọlé òun rí, kí lòun fẹ́ dá owó sí. Ẹ má bá a jà. Ẹ ní kó dá ìdajì tiyín. Ìdajì láti ọ̀dọ̀ ilé ogún ju odindi láti ọ̀dọ̀ ilé márùn-ún lọ, ẹni tó bá sì ti dá owó sí nǹkan, ojú á máa tì í láti da ìdọ̀tí síbẹ̀, ó tilẹ̀ lè di òun gan-an ló máa máa bá àwọn ọmọ àdúgbò ẹ̀ wí.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí omi ti ń jáde sódò, kí wọ́n máa kó o bọ̀ lókè. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ńṣe ni wọ́n ń ti ẹrẹ̀ sí ibi tó ti dí tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tó máa kó ẹrẹ̀ wà nínú owó tẹ́ ẹ dá látìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má sì dà á sí bèbè odò, torí odò tí ẹrẹ̀ bá ti kún inú ẹ̀ kò ní àyè fún omi mọ́, á padà wá bá yín nínú ilé. Níbi tí kọ́fáàtì wà, ìyẹn ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì, kí ẹnikẹ́ni má ki orí wọnú ẹ̀, kẹ́ ẹ fi igi gígùn yọ ohun tó há níbẹ̀. Tó bá kọjá agbára yín, ti ìjọba nìyẹn, ẹ kọ̀wé, ẹ fi fọ́tò sí i, ẹ kọ ọ́ ní oṣù kejì, ẹ má dúró di ọjọ́ tí omi bá dé orókún.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń kọ́lé ní Òmù-Àrán, kápẹ́ńtà ní kí n má fi gọ́tà sí òrùlé rárá, pé wàhálà ni, màá kàn máa náwó sí i lọ́dọọdún. Igi kókó àti obì wà lẹ́yìn ilé. Ṣé kí n gbọ́ tiẹ̀?
Ọmọ Ìgbómìnà

Àbúrò, ó ní òótọ́ tiẹ̀. Ilé tí etí òrùlé ẹ̀ jáde dáadáa, tí wọ́n da kọ́ńkéré yí ìdí ẹ̀ ká tó sì dà sí ìta, lè dúró láì ní gọ́tà, ọ̀ṣọ̀rọ̀ á bọ́ sórí kọ́ńkéré á sì ṣàn lọ. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kó o yọ gọ́tà kúrò kó o sì tún fi ilẹ̀ sílẹ̀ láì dà á, torí ọ̀ṣọ̀rọ̀ á gbẹ́ ilẹ̀ ìdí ògiri títí fáńdéṣàn á fi yọ síta, ó sì pọ̀ ní apá ibẹ̀ yẹn tó jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Gbé owó méjèèjì wò: owó kọ́ńkéré tó o máa dà lẹ́ẹ̀kan, àti owó gọ́tà pẹ̀lú kíkó ẹ̀ fún bí ọdún mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n kó o tó pinnu, ro ti omi náà. Òjò mìlímítà 1 tó bá rọ̀ sórí òrùlé tó fẹ̀ tó mítà 1 ní gígùn àti mítà 1 ní ìbú, lítà omi 1 ni. Tí ilé rẹ bá jẹ́ mítà 12 sí mítà 10, ìyẹn 120, òjò mìlímítà 40 kan ṣoṣo tó rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan á gbé lítà 4,800 sọ̀kalẹ̀, dúrọ́ọ̀mù oní-lítà 200 mẹ́rìnlélógún nìyẹn. Òjò tó ń rọ̀ ní apá Kwara wa yìí lọ́dún, nǹkan bíi mìlímítà 1,200 ni. Bí apá kan bá tilẹ̀ ṣòfò, omi tó máa kù tó fún ìfọṣọ, àlùwàlá, ṣálàńgá àti ọgbà ewébẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò. Ìyá àgbà wa mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀. Tí kànga bá jìnnà sí ọ tàbí tó o bá ń ra omi, gọ́tà yẹn á san owó kíkó ara ẹ̀.

Tó o bá fi sí i, ní kí wọ́n fún un ní ìtẹ̀sílẹ̀, ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì kan lórí ẹsẹ̀ bàtà 10. Lo páìpù ínṣì 4 dípò ínṣì 3, fi nẹ́ẹ̀tì wáyà bo ojú gọ́tà torí ewé kókó, kó o sì gé ẹ̀ka tó bá ti na ọwọ́ dé òrùlé. Nẹ́ẹ̀tì yẹn ò ní kó o má kó gọ́tà mọ́ o, ewé á máa jókòó lórí ẹ̀, ó kàn máa jẹ́ kó rọrùn láti gbá a ni. Omi òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, má gbè é, jẹ́ kó fọ orí òrùlé, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ti alángbá wà nínú ẹ̀.

Ilé wa ní Fátẹ̀ jẹ́ párápẹ́ẹ̀tì, ó ń jò láìka pé a máa ń kó gọ́tà ẹ̀. Ẹ̀fọn tún pọ̀.
Ìyàwó ilé, Fátẹ̀

Àǹtí, òrùlé párápẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n mọ ògiri yí ká lókè tí ò fi hàn, rẹwà, ṣùgbọ́n gọ́tà kọ́ńkéré tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn ò hàn sí ẹni tó wà nílẹ̀, ìgbà tí omi bá yọ sára ògiri lẹ máa tó mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù nígbà òjò ni kí ẹnì kan yọjú wò ó. Tẹ́ ẹ bá kó o tó sì ṣì ń jò, ó lè jẹ́ pé kọ́ńkéré ti la ẹnu tàbí pé omi ò rí ibi dà sí, tó kàn ń dúró. Omi tó bá dúró fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ti tó fún ẹyin ẹ̀fọn láti di ẹ̀fọn tó ń fò, ibẹ̀ ló ṣeé ṣe kí àwọn ẹ̀fọn yín ti ń wá. Ẹ ní kí bíríkìlà tún ìtẹ̀sílẹ̀ ẹ̀ ṣe nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kó kun ohun tí omi kì í gbà kọjá sí i, kó tún fi páìpù kékeré kan gba ara ògiri jáde sókè díẹ̀ sí ìdí gọ́tà, tó fi jẹ́ pé tí páìpù ńlá bá dí, omi á gba ibẹ̀ dà síta dípò kó wọlé. Ẹ kọ owó ìyẹn sọ́tọ̀, iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni, ẹ má jẹ́ kó jẹ owó kíkó lọ́dọọdún.

Alhaja, Jámánì ni mo wà, èmi ni mò ń fi owó gọ́tà ilé màmá wa ní Òkèlélé ránṣẹ́. Àbúrò mi ló ń gba owó yẹn, ó ní òun lòun ń gun òkè fúnra òun láti fi ṣẹ́ owó kù. Màmá ní ẹ̀rù ń ba àwọn. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mi ò fọkàn tán an.
Ọmọ Òkèlélé

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹ má ṣe é bí ọ̀rọ̀ ìfọkàntán, ẹ ṣe é bí ọ̀rọ̀ ìwé: kó máa ya fọ́tò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó parí, kó ya ti ẹrẹ̀ tí wọ́n ń gbé lọ, ẹ̀yin náà ẹ máa kọ iye tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ fi í ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì jọ máa wò ó pẹ̀lú màmá. Owó ọdún kan tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ pín in sí mẹ́ta bí mo ṣe sọ lókè, kó máa dé ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù màmá yẹn, ẹ gbà á gbọ́. Pánù àtijọ́ tó ti dípẹtà tó wà lórí ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Òkèlélé kò lè gbé èèyàn, igi abẹ́ ẹ̀ ti gbó. Tí àbúrò yín bá máa gun òkè rárá, kó má tẹ pánù, orí àkàsọ̀ ni kó dúró sí. Kí àkàsọ̀ náà wà lórí ilẹ̀ tó le, tó bá fi ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin kí ìdí ẹ̀ jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tó bá ga ní méjìlá kó jìnnà ní mẹ́ta. Kí ẹnì kan di ìdí ẹ̀ mú. Kó wo ibi tí wáyà NEPA gbà kó tó gbé àkàsọ̀ dúró, kó wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn torí pé àkekèé àti ejò máa ń wà lábẹ́ ewé yẹn, kó má sì gùn ún lọ́jọ́ tí pánù bá tutù. Tí gbogbo èyí ò bá ṣeé ṣe, ẹ fi owó oníṣẹ́ kún èyí tẹ́ ẹ̀ ń fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì pe àbúrò yín fúnra yín lórí fóònù kẹ́ ẹ sọ fún un pé òun ni kó máa bójú tó oníṣẹ́ náà láti ilẹ̀.